Bí Ẹ Ṣe Lè La Ọ̀nà Márosẹ̀ Gba Àárín Òkè Èkìtì Nínú Cities: Skylines

Nínú ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn èèyàn ń kọ́ nínú géèmù Cities: Skylines, ilẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, títì á gùn gbọọrọ láti etí kan dé èkejì, wọ́n á sì wá fọ́n igi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí mọ̀ pé ọ̀nà tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Òkè ló ń pàṣẹ fún ọ̀nà níbẹ̀. Ọ̀nà á yà gba ẹsẹ̀ òkè, á sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, igbó á sì dì mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Irú ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí á jọ là.

Cities: Skylines àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, èyí tí ilé-iṣẹ́ Colossal Order ní Finland ṣe, tí Paradox Interactive sì gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015. Ẹ̀dà kejì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an ló ń béèrè. Èyí àkọ́kọ́ ṣì tó ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù, mod, ìyẹn àfikún tí àwọn èèyàn ti ṣe fún un, sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà nínú rẹ̀ bíi tiwa ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ kò ní nǹkan kan láti yí padà lápá ibẹ̀ yẹn.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Géèmù yìí ń ka gíga ilẹ̀ láti inú àwòrán kan tí kò ní àwọ̀ ju dúdú, eérú àti funfun lọ. Ibi tó dúdú jù ni ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù, ibi tó funfun jù ni góńgó òkè. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 1081 ní ìbú àti 1081 ní òòró, ó sì dúró fún ilẹ̀ kìlómítà 17.28 lọ́nà méjèèjì. Èyí já sí pé mítà 16 ni píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n gíga rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí mítà 1024.

A kò nílò láti fi ọwọ́ ya òkè Èkìtì. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà wọn gíga ilẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ ibi láyé láti ojú òfurufú. SRTM ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo Èkìtì wà nínú rẹ̀, ó sì ń sọ gíga ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30 sí mítà 30. Àwọn ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń gé e sí ìwọ̀n tí géèmù yìí ń gbà. Ẹni tó mọ QGIS lò, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù, lè gé e fúnra rẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé PNG bit 16 ni fáìlì tí ẹ fẹ́ lò. Bit 8 kò ní ju ìpele 256 lọ. Bí ẹ bá pín mítà 1024 sí ọ̀nà 256, mítà 4 ni ìpele kan fi ga ju èkejì lọ, òkè Ẹ̀fọ̀n á wá rí bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà yòówù kí ẹ fà lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ni á máa fò sókè fò sódò, kò sì sí irinṣẹ́ tó lè tún un ṣe tán. Nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ẹ wo ìwọ̀n bit kí ẹ tó fi fáìlì pamọ́, torí ó rọrùn kí ó yí i padà sí 8 láìjẹ́ pé ẹ fura.

Igun ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni mo yàn. Bí ẹ bá fi àárín máàpù sí nǹkan bíi 7.65 ní àríwá àti 4.98 ní ìlà-oòrùn, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀rìnjìyàn, Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ àti Ìkógòsì ni yóò wọ inú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ náà tí òkè gíga, omi tó ń já láti orí àpáta àti ìsun omi gbígbóná ti sún mọ́ra tó báyìí. Adó kò lè bá wọn wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Adó àti Ìkẹ́rẹ́, kí ó ṣe máàpù tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn náà á gba inú ẹyọ kan.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ má baà ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Géèmù pín máàpù sí ẹyọ ilẹ̀ 81, ẹyọ kan jẹ́ kìlómítà 1.92 ní ìbú àti òòró. Nínú wọn, 25 tó wà láàárín nìkan ni a lè kọ́lé sí, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n sì máa jẹ́ kí ẹ rà. Ní máàpù tí mo júwe yìí, Ẹ̀fọ̀n, Àrámọ̀kọ àti Ìkógòsì bọ́ sí ìta àwọn 25 náà. Nítorí náà ẹ wá mod 81 Tiles 2 kí gbogbo ilẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá gbé e, kí ó sún àárín máàpù mọ́ ìlú kan ṣoṣo tó fẹ́ràn jù, kí ó jẹ́ kí àwọn yòókù di ohun tí a ń wò lókèèrè.

Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀nà

Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe máàpù nìkan ni ẹ ti lè gbé orísun omi kalẹ̀, nítorí náà ẹ parí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀. Odò tiwa ní apá ibẹ̀ kò fẹ̀. Píksẹ́ẹ̀lì mítà 16 kò sì lè gbé odò tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbẹ́ ojú omi tó fẹ̀ tó mítà 50 ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orísun dé etí máàpù, níbi tí omi yóò ti jáde lọ. Ibi tí ìsàlẹ̀ bá ti gbé orí sókè, adágún ni yóò di síbẹ̀. Ẹ gbé orísun kékeré kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí géèmù sáré fún ìgbà díẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó fi kún un. Omi inú géèmù yìí máa ń pẹ́ kí ó tó fara balẹ̀, ẹni tó bá kánjú fi orísun kún orísun yóò padà wá bá gbogbo àfonífojì nínú omi.

Ti omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, ẹ ṣe ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú díẹ̀ lókè, kí ẹ wá gé etí rẹ̀ wálẹ̀ ṣánṣán láìfi Soften, irinṣẹ́ tó ń mú ilẹ̀ dán, kàn án rárá. Etí tó mú ni omi fi ń já. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń bọ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tàn kálẹ̀ sínú igbó.

Fífa ọ̀nà

Lójú ayé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ jọ ń pín láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n. Ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó máa gba àárín ìlú kọjá, kí ọjà àti ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Márosẹ̀ tuntun ni kí ẹ là lọ́tọ̀, kí ó gba ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí á kàn sọ ọ̀nà àtijọ́ di márosẹ̀, èmi kò fara mọ́ ọn. Ilé kì í hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ nínú géèmù yìí, nítorí náà ìlú á là sí méjì, ariwo ọkọ̀ á sì máa mú àwọn ará ibẹ̀ ṣàìsàn.

Ẹ ka ilẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá mú irinṣẹ́ ọ̀nà, ẹ tan ìlà gíga ilẹ̀, àwọn ìlà tó ń yí òkè ká. Ibi tí ìlà bá ti fún pọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ga ṣánṣán. Ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ rọ̀. Ọ̀nà tó bá ń bá ìlà rìn kò gun òkè rárá, èyí tó bá dá ìlà kọjá ló ń gùn. Márosẹ̀ rere máa ń bá ìlà rìn fún ìgbà pípẹ́, á sì máa dá a kọjá ní ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ga ju mítà 6 lọ nínú mítà 100. Ẹyọ àlà kékeré tí géèmù fi ń wọn ọ̀nà jẹ́ mítà 8. Bọ́tìnnì Page Up máa ń gbé ọ̀nà sókè ní mítà 12 lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ kò bá dín in kù sí 6 tàbí 3. Láti gun mítà 12 náà ní ìwọ̀n tí mo sọ, mítà 200 ni ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi gùn, ìyẹn àlà 25. Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè tó ga ní mítà 120, kìlómítà 2 ni ọ̀nà náà. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà kan péré ló wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, ẹ má ṣe fipá gùn ún. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà fi ẹ̀gbẹ́ kan ara òkè, kí ó rìn lọ sí apá kan títí yóò fi rí gígùn tó nílò, kó tó yí padà gba ọrùn òkè kọjá. Ọrùn òkè, ibi tí orí òkè ti rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín góńgó méjì, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lórí máàpù, nítorí òun ni yóò sọ ibi tí ọ̀nà ń lọ.

Ẹ fi ọ̀nà ọlọ́kọ̀ méjì olówó pọ́ọ́kú fa ìlà náà ná. Ẹ rìn ín títí dé òpin, ẹ fi ojú kámẹ́rà tó lọ sílẹ̀ wò ó, ẹ pa á rẹ́ níbi tí kò bá dára, ẹ tún un fà. Márosẹ̀ á wá tẹ̀lé e nígbà tí ọkàn yín bá ti balẹ̀. Ní gbogbo kọ́nà, ẹ lo irinṣẹ́ tó ń fa ọ̀nà ní yíyí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fẹ̀. Ọkọ̀ máa ń dẹwọ́ níbi tí kọ́nà bá ti mú, kò sì wúlò kí àmì ọ̀nà sọ pé kìlómítà 100 ní wákàtí kan bí ọkọ̀ bá ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà.

Ohun tó mú kí márosẹ̀ orí òkè rẹwà jù lọ nínú géèmù yìí ni pé ọ̀nà àlọ dá dúró, ọ̀nà àbọ̀ dá dúró. Kò pọn dandan kí wọ́n wà ní gíga kan náà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ gbé apá tó wà lọ́wọ́ òkè ga ju èkejì lọ ní mítà 6, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí ẹ sì gbin igi sí àlàfo náà. Ilẹ̀ tí ẹ máa gé á dín kù gan-an, ẹni tó bá sì wà nínú ọkọ̀ ní apá ìsàlẹ̀ á máa rí gbòǹgbò igi àti àpáta ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Gígé ilẹ̀ àti kíkún ilẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá gé láti ara òkè ni géèmù ń kó pamọ́ fún yín, òun náà ni ẹ óò fi kún àfonífojì. Bí ẹ bá ń gé láìkún, tàbí tí ẹ ń kún láìgé, iyẹ̀pẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀ tàbí kó tán. Ẹ máa ṣe apá méjèèjì pọ̀: ẹ gé ìwọ̀nba mélòó kan lára òkè, ẹ fi í kún ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí àwọn tó ń wa katapílà ṣe ń ṣe é gan-an. Slope ni irinṣẹ́ tó dára jù fún èyí, torí ó ń fi ilẹ̀ sí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà láti ibi tí ẹ yàn dé ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ ṣe ilẹ̀ ná, kí ẹ tó tẹ́ ọ̀nà lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún omi níbi tí ẹ bá ti kún ilẹ̀. Kò sí páìpù abẹ́ ọ̀nà nínú géèmù yìí bí a ṣe ń rì í sábẹ́ títì níbí. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá kó dí ojú omi di ìsédò lójú ẹsẹ̀, omi á sì gun orí ọ̀nà. Nítorí náà, bí odò ṣe wù kí ó kéré tó, afárá ni kí ẹ gbé kọjá rẹ̀. Níbi tí àfonífojì bá jìn ju mítà 20 lọ, afárá náà ni mo máa ń gbé, torí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé yóò bo gbogbo igbó. Ihò abẹ́ òkè wà nínú géèmù o, Page Down ni a fi ń gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò lò ó ní máàpù Èkìtì. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀, òkè tí a bá sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò ṣe é rí.

Ìṣirò lénì ní oríta

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lórí márosẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń jáde àti ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé iye lénì tó dé ojú ìso, ibi tí ọ̀nà ti so kọ́ra, gbọ́dọ̀ bá iye tó jáde níbẹ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ka tó yà sí Ìkógòsì ṣe àpẹẹrẹ. Márosẹ̀ lénì mẹ́ta ń bọ̀ láti Àrámọ̀kọ. Lénì ọ̀tún ya di ẹ̀ka ìjáde lénì kan. Márosẹ̀ tó kù lẹ́yìn ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lénì méjì. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀ka ìwọlé láti Ìkógòsì gbé lénì kan wá, méjì àti ọ̀kan di mẹ́ta padà. Báyìí, ọkọ̀ kankan kò ní dúró de ọkọ̀ míì. Bí ẹ bá fi márosẹ̀ sílẹ̀ ní mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ tó ń wọlé á máa fi ara há mọ́ èyí tó ti wà lórí ọ̀nà, wọn á sì tò lọ gbọọrọ. Márosẹ̀ lénì méjì àti lénì mẹ́rin dé pẹ̀lú àfikún Mass Transit ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ẹni tí kò ní in lè wá irú rẹ̀ ní Steam Workshop, ojúlé tí a ti ń gba mod.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ìjáde gùn. Ọkọ̀ tó ń lọ wẹ̀ ní Ìkógòsì lọ́jọ́ ìsinmi á pọ̀, bí oríta tó wà ní ìparí ẹ̀ka bá sún mọ́ márosẹ̀ jù, ìlà ọkọ̀ á dé orí márosẹ̀. Àlà 30 sí 40 tó. Ní ìparí rẹ̀, mo fẹ́ràn ráńdábáòtù kékeré ju iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lọ. TM:PE ni mod tí ẹ óò fi sọ fún ọkọ̀ tó ń wọlé pé kí ó fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ láyè.

Àpáta àti igbó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ àpáta máa ń yọ fúnra rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ṣánṣán, ṣùgbọ́n èyí tó bá géèmù wá kò jọ tiwa. Ẹ fi mod Theme Mixer pààrọ̀ rẹ̀ sí eérú tó dúdú. Ilẹ̀ tí ọ̀nà gé kọjá ńkọ́? Ẹ kíyèsí ara òkè tí katapílà gé ní Èkìtì: iyẹ̀pẹ̀ dúdú tín-ín-rín wà lókè níbi tí gbòǹgbò koríko gbé wà, pupa fòò ló tẹ̀lé e, òkúta funfun wẹ́wẹ́ á sì máa yọ ojú láàárín pupa náà, omi òjò á ti ya gàrágàrá sí i lára láti òkè délẹ̀. Nítorí náà ẹ fún ilẹ̀ tí kò ní koríko ní àwọ̀ pupa, kí ẹ sì fọ́n òkúta funfun kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ gé. Nǹkan kékeré yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ Èkìtì mọ ilé rẹ̀ nígbà tó bá rí àwòrán náà.

Ẹni tó ń ṣe máàpù Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ní àpáta tó yàtọ̀ láti ṣe. Olósùnta àti Òrólé ń yọ lójijì láti orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, wọn kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn bíi ti òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ lo Level, irinṣẹ́ tó ń mú ilẹ̀ tẹ́jú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ gbé e sókè ní ìpele-ìpele, ẹ fi Soften pa orí rẹ̀ kí ó rí róbótó, àmọ́ ẹ má ṣe fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí igi má sì sí lára rẹ̀, àfi koríko díẹ̀ níbi tí àpáta ti sán.

Igbó wá kù. Igi 262,144 ni géèmù gbà, bí ẹ kò bá fi mod sí i. Ó dà bíi pé ó pọ̀, kò pọ̀ rárá fún ilẹ̀ tó tó báyìí. Ẹ ná wọn sí ibi tí ojú á ti rí wọn: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì márosẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà, àti etí odò. Ẹ̀yìn òkè tí ọkọ̀ kò lè rí, ẹ fi díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ mú mod Forest Brush, ẹ to oríṣi igi mélòó kan pọ̀, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kí oríṣi kan má baà tò lọ ṣáá.

Igi kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ògùrọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ní ẹsẹ̀ òkè, oko kòkó ló máa ń wà: igi kúkúrú tó fún pọ̀, tí igi ńlá mélòó kan yọ orí jáde láàárín wọn láti fún wọn ní ìbòòji. Ẹ máa rí ìrókò àti àràbà fún igi ńlá náà ní Workshop, tàbí irú tó jọ wọ́n. Ara òkè ni igbó ti dì jù. Bí ẹ bá sún mọ́ orí òkè, ẹ jẹ́ kí igi máa dín kù, kí ó kéré sí i, títí tí koríko àti àpáta nìkan yóò fi kù. Ní ẹnu ọ̀nà ìlú, igi tíìkì tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà ni kí ẹ fi sí. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti gbin igi ní ìlà. Ọ̀pẹ kò ní ààyè kan pàtó, ẹ fọ́n ọn ká níbi gbogbo. Ẹ fi igi tó ki sí àárín márosẹ̀ àti ilé tó sún mọ́ ọn, torí igi ń dín ariwo kù nínú géèmù yìí, ẹ ó rí i lórí máàpù ariwo.

Ní Ìkógòsì, ẹ má ṣe kọ́ nǹkan púpọ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń pàdé níbẹ̀ lójú ayé, ti gbígbóná tó nǹkan bíi 70 ní ìwọ̀n Celsius láti orísun, ó sì ti wálẹ̀ sí 37 níbi tí wọ́n ti pàdé. Géèmù kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí omi tútù. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ gbẹ́ ojú omi méjì tó wá láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé lábẹ́ igi ńlá, kí ẹ gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan kọjá níbi tí wọ́n ti parapọ̀, kí ọ̀nà mọ́tò sì dúró sí ọ̀nà jíjìn.

Kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí, ẹ dúró de ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń wọlé láti etí máàpù, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí kámẹ́rà máa tẹ̀lé e. Ẹ wò ó láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n. Níbi tó bá ti fò sókè, ojú ìso méjì ló ga ju ara wọn lọ. Ẹ mú mod Move It, ẹ fi èyí tó ga sílẹ̀ díẹ̀. Níbi tó bá ti dẹwọ́, kọ́nà ibẹ̀ ló mú jù, ẹ fẹ̀ ẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí ìta gbangba tí kò yẹ kí ẹ rí, ẹ padà lọ gbin igi síbẹ̀. Ẹ wá mú ọkọ̀ míì tó ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ tún un ṣe ní apá àbọ̀, nítorí ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni.